KÒ SÍ LÁDÀNÍ LÓJÚ Ọ̀RUN

Bí Èkó ti jìnnà sí Jẹ́dà tó, àti ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ń lọ sí Haji mọ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ òfurufú

Láti ọwọ́ ládàní mọ́ṣáláṣí kan ní Ajue, lẹ́bàá Ọ̀rẹ̀



Iṣẹ́ tèmi ní ìlú Ajue, lójú ọ̀nà tí ó ti Oǹdó lọ sí Ọ̀rẹ̀, kò ju kí n máa wo aago, kí n máa wo ojú ọ̀run, kí n sì máa pe ìrun lọ. Ládàní ni mí. Bí mo bá sùn gbàgbé, àwọn tí ó gbójú lé ohùn mi yóò sùn gbàgbé pẹ̀lú. Nítorí náà ni ó ṣe dùn mí títí di òní pé èmi yìí kan náà ni mo mú kí ìyá kan nínú ẹgbẹ́ Àsàláátù wa pàdánù ìrun Àsùbáà ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mímọ́.

Ní ọdún 2018 ni. Ọdún mọ́kànlá ni ìyá yìí ti fi ń tọ́jú owó kòkó àti owó epo pupa kí ó tó pé iye tí yóò gbé e lọ sí Haji. Nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n gbéra, mo pe òun àti àwọn ìyá mẹ́ta mìíràn jọ lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo sì kọ́ wọn ní ohun tí mo mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, “Ládàní, wákàtí mélòó ni a ó lò lójú ọ̀run?” Mo dá a lóhùn pé ó lé ní wákàtí méje, nítorí àwọn tí ó ti lọ rí sọ fún mi pé bí ènìyàn bá gbéra ní Èkó ní aago mọ́kànlá alẹ́, aago mẹ́fà àárọ̀ ti kọjá kí ó tó sọ̀ ní Jẹ́dà. Ó tún bi mí nípa ìrun. Mo ní, “Aago tí ó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ tẹ̀ lé títí ẹ ó fi dé ilé tí wọ́n bá fi yín wọ̀ sí.” Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni mo ṣì sọ.

Wọ́n gbéra ní ìparí oṣù keje, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́. Ìyá náà sùn díẹ̀. Nígbà tí ó jí, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó rí i pé aago mẹ́ta ààbọ̀ ni. Wọ́n ti pa fèrèsé ọkọ̀ dé kí àwọn ènìyàn lè sùn, kò sì rí ìta. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé Àsùbáà ṣì kù nílẹ̀, nítorí nílé, aago márùn-ún máa ń kọjá kí n tó pè é. Ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó ń ṣe é lọ. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìrun wà nílẹ̀ ní ìṣẹ́jú náà! Àfẹ̀mọ́júmọ́ ti là lójú ọ̀run níbi tí ọkọ̀ wà, ó sì ku bí ogún ìṣẹ́jú péré kí oòrùn yọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó pe ìrun. Nígbà tí ọkọ̀ balẹ̀ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, oòrùn ni ó kọ́kọ́ bá a lójú. Ó bi ọmọkùnrin kan tí ó ń tọ́ wọn sọ́nà pé níbo ni òun ti lè kí Àsùbáà. Ọmọ náà ní, “Ìyá, aago mẹ́fà ti kọjá níbí. Oòrùn ti yọ.”

Nígbà tí ó dé, ó gbé omi sámúsámù àti dàbínù wá kí mi nílé. Lẹ́yìn tí a kí ara wa tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ládàní, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ó bí yín nínú o. Aago tí ẹ ní kí n tẹ̀ lé ni mo tẹ̀ lé. Oòrùn ni kò tẹ̀ lé e.”

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní òun ti san ìrun náà ní ọjọ́ náà gan-an, Ọlọ́hun sì ni aláforíjì. Òótọ́ ni, ìrun tí oorun tàbí ìgbàgbé bá gbà lọ́wọ́ ènìyàn, ìgbà tí ó bá rántí ni yóò kí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé ẹnikẹ́ni tí yóò bá ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Haji, ń óò jókòó tì í, ń óò sì ka wákàtí ojú ọ̀run fún un bí mo ti ń kà á fún yín lónìí.

BÍ Ọ̀NÀ NÁÀ TI JÌN TÓ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Láti Ajue wa dé Èkó, bí a bá gba Ọ̀rẹ̀, bí igba kìlómítà ni. Bí ọ̀nà bá dára, awakọ̀ lè rìn ín ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ bá sì wà, Ọlọ́hun nìkan ni ó mọ ìgbà tí a ó dé. Ọjọ́ kan wà tí a gbéra láti Ajue lẹ́yìn Àsùbáà tí ó jẹ́ pé Alásárì ni a lọ kí ní Èkó.

Láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed tí ó wà ní Ìkẹjà dé pápákọ̀ òfurufú Ọba Abdulaziz ní Jẹ́dà, bí a bá fa okùn tààrà láti ọ̀kan sí èkejì, ó tó nǹkan bí 4,200 kìlómítà, èyí tí í ṣe 2,600 máìlì. Ẹ rí i pé ó tó ìlọ́po ogún ọ̀nà Ajue sí Èkó, ó sì tún lé. Ti Mọdínà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ó tó 4,350 kìlómítà. Láti Jẹ́dà dé Mẹ́kà, ọkọ̀ ilẹ̀ ni, kò sì tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà.

Ọkọ̀ òfurufú ńlá a máa sáré tó 850 kìlómítà ní wákàtí kan nígbà tí ó bá ti gòkè tán. Bí a bá fi èyí pín 4,200, yóò fún wa ní wákàtí márùn-ún ó dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í sáré bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá ń gbéra, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe é nígbà tí ó bá fẹ́ balẹ̀. Ó ní láti gòkè díẹ̀díẹ̀, kí ó tún sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà ẹ kà á sí wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sí wákàtí márùn-ún ààbọ̀. Bí afẹ́fẹ́ òkè bá tì í lẹ́yìn, ó lè dín. Bí ó bá kọjú ìjà sí i, ó lè lé.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́hun! Ọjọ́ tí a fi wákàtí mẹ́wàá rìn láti Ajue dé Èkó, ẹni tí ó gbéra láti Èkó ní àkókò kan náà ìbá ti dé Jẹ́dà, ìbá sì ti gba ọ̀nà Mẹ́kà.

ÀWỌN TÍ Ó FI ẸSẸ̀ RÌN ÍN

Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ó ṣáájú wa. Kí ọkọ̀ òfurufú tó dé, ẹsẹ̀ àti ẹran ni àwọn Mùsùlùmí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà fi ń lọ sí Haji. Nígbà tí Mansa Musa, ọba Mali, rìn ín ní ọdún 1324, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn àti ràkúnmí ni ó tẹ̀ lé e la aṣálẹ̀ kọjá. Àwọn tálákà tí kò ní ràkúnmí ń gba ilẹ̀ Haúsá, wọn a gba Bọ̀nú, wọn a gba Chad, wọn a la Sudan kọjá, títí wọn ó fi dé etí Òkun Pupa tí wọn ó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Jẹ́dà.

Bí ẹsẹ̀ bá lè gba ọ̀nà tààrà bíi ti ọkọ̀ òfurufú, tí ènìyàn sì ń rin ọgbọ̀n kìlómítà lójoojúmọ́ láìsinmi, yóò gbà á ní 140 ọjọ́, èyí tí ó súnmọ́ oṣù márùn-ún. Ṣùgbọ́n ta ni í rìn bẹ́ẹ̀? Owó oúnjẹ a máa tán, wọn a dúró ṣiṣẹ́ oko lọ́nà, obìnrin a bímọ lọ́nà, àgbà a kú lọ́nà. Ẹlòmíràn a lo ọdún méjì, ẹlòmíràn a lo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ni kò padà wálé mọ́. Ní Sudan títí di òní, àwọn ènìyàn wà tí baba ńlá wọn ti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wá nítorí Haji, tí wọ́n sì dúró síbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ṣiṣẹ́ nínú oko òwú ńlá tí ó wà ní Gezira.

Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú wá bẹ̀rẹ̀ sí gbé aláàjì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀ràn náà yí padà. Àwọn aláàjì pọ̀ sí i débi pé ní ọdún 1958 ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó ìrìn àjò àwọn aláàjì. Ní ọdún 1975 ni ìjọba àpapọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀, òfin ọdún 2006 sì ni ó gbé àjọ tí ó ń ṣe é lónìí kalẹ̀.

Kìlómítà kò yí padà láti ayé Mansa Musa títí di ìsinsìnyí. Wákàtí ni ó ń yí padà. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí sí i, ẹ rántí ọdún 2023. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Khartoum ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, wọ́n sì ti ojú ọ̀run Sudan pa. Ọ̀nà tààrà láti ọ̀dọ̀ wa sí Jẹ́dà sì gba orí Chad àti orí Sudan kọjá. Nígbà tí àkókò Haji tó, ọkọ̀ kò lè gba ibẹ̀ mọ́. Àfi kí wọ́n yí i ká. Wákàtí gùn sí i, epo tí ọkọ̀ ń mu pọ̀ sí i, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú sì béèrè àfikún owó. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹni tí ó lọ lọ́dún kan bá sọ fún yín pé wákàtí márùn-ún ni òun lò, tí ẹlòmíràn sì ní òun lò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má pe ẹnì kankan ní òpùrọ́.

WÁKÀTÍ MÁRÙN-ÚN NI TÀBÍ MÉJE?

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí àṣìṣe mi àkọ́kọ́. Ẹni tí ó gbéra ní aago mọ́kànlá alẹ́ tí ó sì sọ̀ ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣé kò lo wákàtí méje àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Aago Èkó ni ó wò nígbà tí ó ń gbéra, aago Jẹ́dà ni ó wò nígbà tí ó sọ̀. Aago ti Sáúdí sì fi wákàtí méjì ṣáájú tiwa. Bí aago mẹ́rin bá lù ní Ajue, aago mẹ́fà ti lù ní Jẹ́dà. Ẹ yọ wákàtí méjì náà kúrò, márùn-ún àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó kù.

Nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ wálé ni ọ̀rọ̀ náà tún máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ẹni tí ó gbéra ní Jẹ́dà ní aago mẹ́wàá àárọ̀ lè rí ara rẹ̀ ní Èkó ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọ̀sán. Yóò ní, “Háà! Wákàtí mẹ́ta péré! Àbọ̀ yá ju àlọ lọ.” Kò yá. Wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn kan náà ni. Méjì tí aago gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà àlọ ni ó dá padà fún un nígbà àbọ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn pẹ̀lú, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń pe ìyá yín lórí fóònù ní Mẹ́kà: bí aago mẹ́wàá alẹ́ bá lù nílé tí ẹ sì rántí pé ẹ kò tíì kí wọn, aago méjìlá òru ni lọ́dọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn.

ỌSÀN ÀTI FÌTÍLÀ

Kí ni ó fa wákàtí méjì yìí? Ìjọba kọ́ ni ó kàn fẹ́ bẹ́ẹ̀. Oòrùn ni.

Ẹ mú ọsàn mímu kan ní alẹ́, kí ẹ gún abẹ́rẹ́ méjì sí i lára, kí wọ́n má jìnnà púpọ̀ síra wọn. Ẹ pe ti ọwọ́ òsì ní Èkó, ẹ pe ti ọwọ́ ọ̀tún ní Jẹ́dà. Ẹ gbé fìtílà sí ọwọ́ ọ̀tún yín nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn, kí ẹ wá máa yí ọsàn náà díẹ̀díẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún. Ẹ ó rí i pé abẹ́rẹ́ Jẹ́dà ni ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ bà, kí ó tó kan abẹ́rẹ́ Èkó. Bí ayé ti ń yí nìyẹn. Gábàsì ni ilẹ̀ ti kọ́kọ́ ń mọ́, Jẹ́dà sì wà ní gábàsì wa.

Àwọn onímọ̀ pín àyíká ayé sí ọ̀nà 360. Ayé ń yí i ká ní wákàtí 24. Nítorí náà ọ̀nà 15 ni ó ń yí ní wákàtí kan, ọ̀nà kan sì ń gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Èkó wà ní ọ̀nà 3, Jẹ́dà wà ní ọ̀nà 39. Ọ̀nà 36 ni ó wà láàárín wọn. Ẹ fi mẹ́rin sọ 36 di púpọ̀, ìṣẹ́jú 144 ni, èyí tí í ṣe wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 24. Bí oòrùn Jẹ́dà ti ṣáájú tiwa tó nìyẹn.

Ìṣirò yìí wúlò nílé pẹ̀lú. Ọ̀rẹ̀ àti agbègbè wa wà ní gábàsì Èkó ní bí ọ̀nà kan ààbọ̀, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́fà. Bí a bá dúró de ìrun Mọ̀ǹgàríbà tí wọ́n pè lórí rédíò láti Èkó kí a tó ṣínu nínú oṣù Ràmàdáánì, oòrùn tiwa ti wọ̀ tipẹ́. Èyí tí ó léwu jù ni ti sààrì: ẹni tí ó bá ń jẹun lọ títí tí rédíò Èkó yóò fi pe Àsùbáà, àfẹ̀mọ́júmọ́ ti là mọ́ ọn lẹ́nu.

Bí ìṣẹ́jú mẹ́fà bá lè dá irú èyí sílẹ̀ láàárín Ọ̀rẹ̀ àti Èkó, ẹ ro ohun tí wákàtí méjì ó lé yóò dá sílẹ̀ láàárín Èkó àti Jẹ́dà! Ẹni tí ń lọ sí gábàsì nínú ọkọ̀ òfurufú kò dúró de òwúrọ̀. Ó ń sáré lọ pàdé rẹ̀ ni. Òru rẹ̀ a kúrú. Ẹni tí ń bọ̀ wálé lọ́sàn-án, oòrùn ni ó ń tẹ̀ lé lẹ́yìn. Ọ̀sán rẹ̀ a gùn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gba ààwẹ̀, tí kò sì lo àyè tí Ọlọ́hun fún arìnrìn-àjò láti ṣínu kí ó sì san án lẹ́yìn, kí ó mọ̀ pé oòrùn tí ó rí láti ibi tí ó wà ni yóò dúró dè kí ó wọ̀. Aago ìlú tí ó ti gbéra kò sí nínú rẹ̀.

BÍ A TI Í KÍ ÌRUN LÓJÚ Ọ̀RUN

Èyí ni ohun tí mo ń kọ́ àwọn ènìyàn wa nísinsìnyí.

Ẹ kí Mọ̀ǹgàríbà àti Ìṣáì kí ẹ tó wọ ọkọ̀ bí ẹ bá ń lọ lálẹ́. Arìnrìn-àjò ni yín. Ọ̀nà tí ó bá ti tó máìlì 48 ni àwọn onímọ̀ Máláíkì kà sí ìrìn àjò tí a lè dín ìrun kù sí, láti Ajue dé Èkó nìkan sì ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè pa Àìlà pọ̀ mọ́ Alásárì, kí ẹ pa Mọ̀ǹgàríbà pọ̀ mọ́ Ìṣáì, kí ẹ sì sọ oní-ràkáà mẹ́rin di méjì. Ṣùgbọ́n Àsùbáà dá dúró. A kì í pa á pọ̀ mọ́ ìrun kankan, a kì í sì í dín in. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé òun ni ó máa ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn jù.

Ẹ yan ládàní kan láàárín ara yín kí ọkọ̀ tó gbéra. Kí ẹnì méjì jùmọ̀ ṣe é, kí oorun má baà gbé ẹnì kan lọ. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ pé ìgbà wo ni ilẹ̀ yóò mọ́ níbi tí ọkọ̀ yóò wà, kí wọ́n sì ṣí fèrèsé díẹ̀ wo ojú ọ̀run gábàsì. Bí ọkọ̀ bá gbéra ní Èkó ní aago mọ́kànlá alẹ́ ní oṣù kẹfà tàbí oṣù keje, kí wọ́n ti jí kí aago mẹ́ta Èkó tó lù, nítorí kí ó tó di aago mẹ́rin, oòrùn ti yọ tàbí ó ń yọ. Nígbà mìíràn nínú ọdún, ó lè pẹ́ sí i díẹ̀. Ojú ọ̀run ni kí wọ́n gbà gbọ́.

Ẹ ṣe àlùwàlá yín kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Omi inú ọkọ̀ kò pọ̀, wọn kò sì fẹ́ kí a da omi sílẹ̀. Ẹni tí àlùwàlá rẹ̀ bá bàjẹ́ tí kò sì rí omi, kí ó ṣe tayamọ́mù. Òkúta kékeré kan tí ó mọ́, tí ẹ mú láti ilé, tó fún un.

Ní ti gábàsì, Ọlọ́hun ti dẹ̀ ẹ́ fún wa. Láti Èkó, Kaaba wà láàárín àríwá àti ìlà oòrùn, ó sì fì sí ìlà oòrùn jù. Ọ̀nà yẹn náà ni imú ọkọ̀ máa ń kọ sí bí ó bá ń lọ tààrà sí Jẹ́dà. Nítorí náà, nígbà àlọ, bí ẹ bá jókòó sórí àga yín, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí gábàsì tán. Nígbà àbọ̀, ẹ̀yìn yín ni ó wà. Ẹni tí ó bá lè dìde yí padà, kí ó yí padà, ẹni tí kò bá lè ṣe é, kí ó ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ. Bí àyè bá wà láti dúró, ẹ dúró kírun. Bí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ bá ní kí ẹ jókòó nítorí ewu, ẹ kí i ní ìjókòó, kí ẹ tẹrí ba fún rúkúù, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún sùjúúdù.

KÌLÓMÍTÀ 14 NÍ ÌṢẸ́JÚ KAN

Ọ̀rọ̀ ìhírámì náà wà nínú ìṣirò yìí. Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti fi ààlà lélẹ̀ ní ọ̀nà gbogbo tí ó wọ Mẹ́kà, tí ẹni tí ń lọ sí Haji tàbí Umura kò gbọdọ̀ kọjá láìdá aniyàn. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ lọ sí Mọdínà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn: Dhul-Hulaifa, ní ìta Mọdínà, ni yóò ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ gba orí Òkun Pupa wọ Jẹ́dà tààrà, àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí tirẹ̀. Àwọn kan ní Jẹ́dà tó fún un. Àwọn mìíràn ní lójú ọ̀run ni, kí ó tó balẹ̀. Ohun tí Lèmọ́mù yín bá fi kọ́ yín ni kí ẹ tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n èyí tí kò ní iyèméjì nínú ni kí ẹ ti dá aniyàn yín kí ọkọ̀ tó dé.

Ẹ ránti pé ọkọ̀ tí ń sáré 850 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ kìlómítà 14 ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan péré o! Ọkùnrin tí ó bá dúró de ìgbà tí wọ́n kéde ààlà kí ó tó ṣí àpò rẹ̀ láti wá aṣọ funfun méjì, ààlà náà ti kọjá lọ lábẹ́ rẹ̀. Ilé ni kí ó ti wẹ̀, kí ó ti ro aṣọ náà, kí ó sì dá aniyàn nígbà tí àkókò bá tó. Ti ẹ̀yin ìyá wa rọrùn, nítorí aṣọ yín tí ó bo ara dáadáa ni ìhírámì yín; kí ẹ má ti bo ojú, kí ẹ má sì wọ ìbọ̀wọ́. Ẹni tí ó bá wà nínú nǹkan oṣù rẹ̀, kí ó má sunkún. Yóò dá aniyàn bí àwọn yòókù, yóò sì ṣe ohun gbogbo tí wọ́n bá ń ṣe, àfi yíyí Kaaba ká, títí yóò fi mọ́.

NÍGBÀ TÍ Ẹ BÁ SỌ̀

Ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn aláàjì ní pápákọ̀ òfurufú Jẹ́dà, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1981, dà bí àgọ́ ńláńlá tí wọ́n ta sí aṣálẹ̀. Àgọ́ 210 ni ó bò ó lórí, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ gba abẹ́ wọn kọjá. Mùsùlùmí kan tí a bí ní Dhaka, Fazlur Rahman Khan, wà lára àwọn tí ó ṣe ètò rẹ̀. Jẹ́dà náà ni ó sì kú sí ní ọdún 1982. Ẹ ó dúró lábẹ́ àgọ́ yìí fún àyẹ̀wò ìwé àti ẹrù, ìdúró náà sì lè gùn tó wákàtí tí ẹ lò lójú ọ̀run nígbà tí èrò bá pọ̀. Ẹ mú sùúrù dání, ẹ mú omi, ẹ má sì jẹ́ kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín wà nínú ẹrù tí wọ́n gbé sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

WÁKÀTÍ DÍẸ̀ KÒ SỌ Ọ̀NÀ DI KÉKERÉ

Ọ̀rọ̀ kan ni ó kù. Nítorí pé wákàtí márùn-ún ni, àwọn kan ti ń lọ sí Haji bí ẹni ń lọ sí ọjà Ọ̀rẹ̀. Àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ rìn ín, kí wọ́n tó kúrò nílé ni wọ́n ti ń san gbèsè, tí wọ́n ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aládùúgbò, tí wọ́n sì ń fi ọmọ lé ẹbí lọ́wọ́, nítorí wọn kò mọ̀ bóyá àwọn yóò padà.

Àwa náà kò mọ̀. Àwọn àgbà rántí ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1973, nígbà tí ọkọ̀ tí ó ń kó àwọn aláàjì bọ̀ láti Jẹ́dà sí Èkó kò lè balẹ̀ ní Èkó nítorí ojú ọjọ́, tí ó yà sí Kánò, tí ó sì jábọ́ níbẹ̀. Ènìyàn 176 ni ó kú. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 1991, ọkọ̀ mìíràn tí ó ń kó aláàjì lọ sí Sókótó jóná lẹ́yìn tí ó gbéra ní Jẹ́dà. Ènìyàn 261 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú. Kí Ọlọ́hun forí jin gbogbo wọn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ dẹ́rù bà yín. Ọkọ̀ tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ ní àlàáfíà kò níye. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ san gbèsè yín, kí ẹ kọ wàsíyà yín, kí ẹ sì bá ẹni tí ẹ jọ ń jà parí ìjà, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ni ẹ óò fi rìn ín.

Ìyá tí mo sọ ìtàn rẹ̀ ṣì wà pẹ̀lú wa ní Ajue. Àlàájà ni a ń pè é nísinsìnyí. Nígbàkígbà tí mo bá pe àwọn tí ń lọ sí Haji jọ lẹ́yìn Alásárì, òun ni ó máa ń kọ́kọ́ jókòó, tòun ti ọsàn méjì àti abẹ́rẹ́ nínú àpò rẹ̀. Bí mo bá ti parí ọ̀rọ̀ mi, yóò bi àwọn tí ń lọ léèrè pé, “Ta ni ládàní yín nínú ọkọ̀?” Kò ní dìde níbẹ̀ títí wọn ó fi dárúkọ ẹnì kan fún un.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó ń wù láti lọ rí i lọ, kí ó mú wọn lọ ní àlàáfíà, kí ó mú wọn bọ̀ ní àlàáfíà, kí ó sì gba ìrun tí a kí lórí ilẹ̀ àti èyí tí a kí lójú ọ̀run. Àmín.